Ìwé ìtàn wo ló tọ́ sí ọmọ yín? Ẹ má wo kíláàsì, ẹnu ọmọ ni kí ẹ gbọ́

Gbogbo ayé ló mọ ìjàkadì mọ́ Ọ̀fà. Ẹni tó bá sì mọ ìjàkadì dáadáa mọ̀ pé wọn kì í mú ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò ẹni tó ti ń dá ènìyàn mọ́lẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń wá fún un. Bó bá dá ẹgbẹ́ rẹ̀ tán, wọ́n á wá ẹni tó jù ú lọ díẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú ìwé kíkà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lò ó nígbà tí a bá ń ra ìwé ìtàn fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí méjìlá tó wà lọ́dọ̀ wa.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà á lọ sí ọjà Ọwọ́dé, á dé ìsọ̀ oníwèé, á ní òun fẹ́ ìwé ìtàn fún ọmọ tó wà ní ìwé karùn-ún. Oníwèé á na ọwọ́ sí èyí tí wọ́n kọ "Primary 5" sí lẹ́yìn. Wọ́n á sanwó, wọ́n á gbé e relé tayọ̀tayọ̀. Ọmọ á ṣí i lálẹ́ ọjọ́ náà, á ka ìlà mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́fà á há sí i lẹ́nu, á pa á dé. Kí oṣù tó parí, ìwé náà ti di ohun tí wọ́n fi ń bo ife omi. Àgbà á bínú, á ní ọ̀lẹ ni ọmọ.

Ọmọ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwé náà ló ju agbára rẹ̀ lọ. Owó tó ṣòfò kọ́ ló sì burú jù níbẹ̀. Ọmọ náà ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ní orí ìwé, ó sì lè má fi tìfẹ́tìfẹ́ fọwọ́ kan ìwé ìtàn mọ́ títí yóò fi jáde ilé-ìwé.

KÍLÁÀSÌ KÌ Í ṢE ÒṢÙWỌ̀N

Ẹ̀yin àgbà wa ò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ sí ilé-ìwé nígbà tiyín. Wọ́n á ní kí ọmọ gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi ìka kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó tó ilé-ìwé. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà ní Standard Six nígbà náà fi lè ti pé ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń ka ìwé Fágúnwà tó sì ń yé e. Ọmọ ìwé kẹfà òde òní sábà máa ń jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá. Bí a bá wá gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní ọdún 1938, lé e lọ́wọ́, tí a ní "ìwé kẹfà ni èmi náà wà nígbà tí mo kà á", ìwọ̀n náà kò dọ́gba.

Orúkọ kíláàsì pàápàá kò sọ ohun tí ọmọ lè kà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, àjọ UNICEF sọ pé ìdá 75 nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan. Ọ̀rọ̀ náà sì ti kan àwọn olùkọ́ rí ní Kwara níbí. Ní ọdún 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ wa fún olùkọ́ 19,125 ní ìdánwò tí wọ́n gbé karí iṣẹ́ ọmọ ìwé kẹrin. Olùkọ́ méje péré ló dé ojú òdiwọ̀n tí wọ́n là kalẹ̀. Oríṣiríṣi àtúnṣe ni ìjọba ti gbìyànjú láti ìgbà náà, títí dé orí ètò KwaraLEARN tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022. A kò sọ èyí láti bú olùkọ́. Ohun tí a ń wí ni pé ọmọ lè jókòó ní ìwé karùn-ún kí kíkà rẹ̀ ṣì wà ní ìwé kejì. Kò sí ẹ̀yìn ìwé tó lè sọ ìyẹn fún yín.

ÌKA MÁRÙN-ÚN ỌWỌ́ Ọ̀MỌ

Àwọn olùkọ́ lókè òkun ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń yan ìwé fún ọmọ, kò sì gba kọ́bọ̀. Ẹ ṣí ìwé sí àárín, kí ọmọ ka ojú-ewé kan sókè. Ìgbàkígbà tó bá kan ọ̀rọ̀ tí kò lè pè, tàbí tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kó ká ìka kan. Bí kò bá ká ìka kankan, tàbí tó ká ẹyọ kan, ìwé náà rọrùn fún un. Bó bá ká méjì tàbí mẹ́ta, ó lè dá a kà. Bó bá di mẹ́rin, kí àgbà jókòó tì í. Bí ìka márùn-ún bá pé kí ojú-ewé náà tó tán, ẹ dá ìwé padà fún oníwèé, kó fún yín ní òmíràn.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Emmett Betts, ti gbé òṣùwọ̀n tó fara jọ èyí jáde ní ọdún 1946. Ó ní nínú ọ̀rọ̀ 100, bí ọmọ bá lè ka 99, ó lè dá ka ìwé náà. Bó bá lè ka 95, kí olùkọ́ wà níbẹ̀. Bí èyí tó lè kà kò bá tó 90, ìnira lásán ni.

Ìyá àgbà tí kò mọ ìwé náà lè ṣe tirẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ ka ojú-ewé méjì, kó pa ìwé dé, kó wá sọ ohun tó kà fún yín bí ẹni tó ti ọjà dé. Bó bá sọ ẹni tó ṣe kí ni, àti ìdí tó fi ṣe é, ìwé náà tọ́ sí i. Bó bá kà á geere, ṣùgbọ́n tí kò rí nǹkan kan sọ, ẹnu ló kà á, kò dé ọkàn.

YORÙBÁ NÍ TIRẸ̀ LỌ́TỌ̀

Àwọn òyìnbó ní ìṣirò tí wọ́n fi ń wọn bí ìwé ṣe le tó. Rudolf Flesch gbé ọ̀kan jáde ní ọdún 1948. Ó ń ka iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú gbólóhùn àti iye sílébù tó wà nínú ọ̀rọ̀. Ìṣirò yìí kò lè ràn wá lọ́wọ́ nínú ìwé Yorùbá, torí pé ọ̀rọ̀ wa tó kúrú lè jinlẹ̀ ju èyí tó gùn lọ. "Ọba wàjà" kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè pè é láìṣì, kó sì rò pé ọba gun àjà lọ wá nǹkan ni. Bí ìwé bá kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti ju ti ọmọdé tó ń dá kàwé lọ, ì báà jẹ́ pé àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú bí ìka.

Àmì ohùn tún ń bẹ níbẹ̀. Ìwé tí kò lámì le fún ọmọ ju èyí tó lámì lọ. Bó bá rí "ọkọ" tí wọn ò fi àmì kankan sí, ṣé ọkọ ìyàwó ni, àbí ọkọ́ tí à ń fi ro oko, àbí ọkọ̀ tó ń lọ Ìlọrin? Àgbà á ti inú ìyókù ọ̀rọ̀ mọ̀ ọ́n. Ọmọ á dúró síbẹ̀, adùn ìtàn á sì bọ́.

Àkọtọ́ náà ń kọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní ọdún 1974 ń kọ "aiye", "enia" àti "nwọn". Ilé-ìwé ń kọ́ ọmọ ní "ayé", "ènìyàn" àti "wọ́n". Bí ìwé inú àpótí yín bá jẹ́ ti ìgbà yẹn, ẹ̀yin ni kí ẹ kà á fún un, tàbí kí ẹ wá èyí tí wọ́n tún tẹ̀ ní àkọtọ́ tuntun.

ÀWỌN ÌWÉ TÍ Ẹ LÈ BẸ̀RẸ̀ PẸ̀LÚ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọmọ dé nínú Yorùbá, Aláwìíyé tí olóògbé J. F. Ọdúnjọ kọ ṣì wúlò, torí pé wọ́n tò ó ní ìwé-ìwé láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le. Ibi tí ọmọ bá ti ń kọsẹ̀ níbẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń ka Aláwìíyé láìkọsẹ̀ lè gbìyànjú Kúyẹ̀, ìtàn tí Ọdúnjọ yìí kan náà kọ ní ọdún 1964. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Kọ́lá Akínlàdé, bíi Owó Ẹ̀jẹ̀, lè mú ọmọ tó fẹ́ mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi. Fágúnwà lè dúró de ọjọ́ iwájú, àfi bí àgbà bá fẹ́ máa kà á fún un lálálẹ́.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, Eze Goes to School (1963), Sugar Girl tí Kọ́lá Onádípẹ̀ kọ (1964), àti Chike and the River tí Chinua Achebe kọ (1966), ti tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ dàgbà. Chike kò fẹ́ ju kó gun ọkọ̀ ojú omi kọjá odò Ọya láti Onitsha sí Asaba lọ, ọmọdé kò sì nílò àlàyé kí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ tó yé e. The Passport of Mallam Ilia tí Cyprian Ekwensi kọ le díẹ̀ ju àwọn yìí lọ.

Ẹ ṣọ́ra o. Ìwé lè rọrùn lẹ́nu kó má tọ́ sí ọjọ́ orí ọmọ. Ìtàn Ẹ̀mí Ṣẹ̀gilọlá, tí I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní ọdún 1929, kò ní ọ̀rọ̀ tó le. Ṣùgbọ́n ìtàn obìnrin tó ti ọwọ́ ọkùnrin kan bọ́ sí ti òmíràn kì í ṣe ti ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ìdàkejì rẹ̀ ló ń dun ọmọ jù: ọmọ ọdún méjìlá tí kíkà rẹ̀ ṣì wà ní ìwé kejì. Òye rẹ̀ ti dàgbà ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fún un ní ìwé bọ́ọ̀lù àti ológbò níṣojú àwọn àbúrò rẹ̀, ojú á tì í. Ọ̀rọ̀ kékeré inú ìtàn tó dùn ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 1957, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ráhùn pé ìwé kíkà àwọn ọmọ wọn kò dùn, Dr. Seuss fi ọ̀rọ̀ 236 péré kọ The Cat in the Hat, àwọn ọmọ sì ń jà sí i.

Àwa náà lè ṣe tiwa nílé. Kí bàbá àgbà pa ìtàn, kí ẹ̀gbọ́n tó wà ní girama kọ ọ́ sínú ìwé olójú-ewé 40 pẹ̀lú àmì, ní gbólóhùn kúkúrú, kí àbúrò kà á. Ìtàn Ìjàpá wà. Ìtàn Mọ́remí tí Ọ̀fà ń pè ní ọmọ rẹ̀ wà. Ìtàn ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ rélùwéè láti ibùdókọ̀ Ọ̀fà náà wà, ìyẹn kò sì sí lọ́jà.

KÍ Ẹ MÁ KÁNJÚ

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kó gba ipò náà. Síbẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Nítorí náà, bí ilé-ìwé bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, ilé ló kù tí ọmọ ti lè ka ìtàn ní èdè tó ń gbọ́ lẹ́nu yín.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìtìjú ni kí ọmọ padà sórí ìwé tó rọrùn. Ọmọ ilé kéwú kì í bẹ̀rẹ̀ láti Súrà Bákárà. Àwọn súrà kéékèèké ló máa ń mọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ èyí tó gùn. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn bú u.

Bí owó bá wà fún ìwé méjì, ẹ ra ọ̀kan tí ọmọ lè dá kà, kí ẹ ra ìkejì tó le díẹ̀ tí ẹ ó jọ máa kà. Bí kò bá sí, kí ilé mẹ́rin dá èsúsú ìwé, kí kálukú ra ọ̀kan, kí àwọn ọmọ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ọmọ náà dání lọ sí ìsọ̀ oníwèé. Kó ka ojú-ewé kan fún yín níbẹ̀, kí ẹ sì máa wo ìka rẹ̀.