BÍ A ṢE Ń WỌN ÌFỌ́NKÁ MÁÀKÌ ÌDÁNWÒ

Ìlapa Èrò
(i) Ìtumọ̀ àròpín, àti ohun tí àròpín kò lè sọ fún wa.
(ii) Ọ̀nà kìíní: àlàfo tí ó wà láàrin máàkì tí ó ga jù àti èyí tí ó kéré jù.
(iii) Ọ̀nà kejì: ìdajì tí ó wà ní àárín.
(iv) Ọ̀nà kẹta: ìwọ̀n ìyapa sí àròpín.
(v) Bí ìfọ́nká ṣe ń yí ipò akẹ́kọ̀ọ́ padà.
(vi) Ìkìlọ̀ àti ìkádìí.

Àròkọ

Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a kì í ti í ṣe ìdánwò. Bí ìdánwò bá ti parí, tí olùkọ́ sì ti yẹ gbogbo ìwé wò tán, ohun tí ó kù ni kí a mọ bí kíláàsì ti ṣe sí. Àròpín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Àròpín ni iye tí a óò rí bí a bá ro máàkì gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, tí a sì fi iye akẹ́kọ̀ọ́ pín in. Ìṣirò yìí dára, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ fún wa. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Bí ìka kò bá dọ́gba, ó yẹ kí a mọ bí àìdọ́gba náà ti pọ̀ tó. Èyí ni a ń pè ní ìfọ́nká máàkì.

Ẹni tí ó bá ń ra iṣu ní ọjà mọ ohun tí à ń wí. Òkìtì méjì lè wà nílẹ̀, kí iṣu márùn-ún wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí owó wọn sì jẹ́ ọgbọọgba. Nínú òkìtì kan, iṣu márààrún lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nínú èkejì, ó lè jẹ́ pé iṣu ńlá kan ṣoṣo ni ó gbé àwọn wẹ́wẹ́ mẹ́rin yòókù níyì. Oníbàárà tí ó gbọ́n kò ní béèrè iye owó nìkan. Yóò fi ojú wo iṣu náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni ó yẹ kí olùkọ́ ṣe sí máàkì.

Ẹ jẹ́ kí a mú akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, kí a pè wọ́n ní A, B, D, F àti G. Wọ́n ṣe ìdánwò Ìṣirò àti ti Yorùbá, 100 sì ni máàkì tí ó wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n gbà nìyí:

A: Ìṣirò 80, Yorùbá 49
B: Ìṣirò 60, Yorùbá 47
D: Ìṣirò 50, Yorùbá 50
F: Ìṣirò 40, Yorùbá 53
G: Ìṣirò 20, Yorùbá 51

Bí a bá ro máàkì Ìṣirò pọ̀, yóò jẹ́ 250. Bí a bá ro ti Yorùbá pọ̀, 250 náà ni. Bí a bá fi 5 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpín méjèèjì yóò jẹ́ 50. Ẹni tí ó bá wo àròpín nìkan yóò sọ pé bákan náà ni àwọn ọmọ yìí ṣe nínú iṣẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo máàkì fúnra rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú Ìṣirò, àwọn kan ti lọ jìnnà, àwọn kan sì wà lẹ́yìn pátápátá. Nínú Yorùbá, gbogbo wọn kó jọ sí ojú kan.

Ọ̀nà kìíní tí a fi ń wọn ìfọ́nká ni kí a yọ máàkì tí ó kéré jù kúrò nínú èyí tí ó ga jù. Nínú Ìṣirò, bí a bá yọ 20 kúrò nínú 80, yóò ku 60. Nínú Yorùbá, bí a bá yọ 47 kúrò nínú 53, yóò ku 6. Lójú ẹsẹ̀ ni a ti rí ìyàtọ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá lè ṣe ìṣirò yìí. Àbùkù rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré ni ó ń wò, kò bìkítà fún àwọn yòókù. Bí ibà bá mú ọmọ kan ní ọjọ́ ìdánwò, tí kò lè dáhùn ju ìbéèrè kan lọ, máàkì òun nìkan yóò mú kí ó dà bí ẹni pé gbogbo kíláàsì ti fọ́n ká.

Láti bọ́ lọ́wọ́ àbùkù yìí ni a fi ní ọ̀nà kejì. A óò to máàkì láti orí èyí tí ó kéré jù dé orí èyí tí ó ga jù. A óò gé ìdámẹ́rin ìsàlẹ̀ kúrò, a óò sì gé ìdámẹ́rin òkè kúrò. Ìdajì tí ó kù ní àárín ni a óò wá wò. Bí àpẹẹrẹ, bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ bá gba 12, 48, 50, 52, 54, 56, 58 àti 62, àlàfo láàrin òkè àti ìsàlẹ̀ jẹ́ 50. Ṣùgbọ́n bí a bá gé méjì kúrò ní ìsàlẹ̀, tí a sì gé méjì kúrò ní òkè, 50 sí 56 ni ó kù, àlàfo rẹ̀ kò sì ju 6 lọ. Nígbà náà ni a óò mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ni ó jìnnà sí ẹgbẹ́ rẹ̀, pé kíláàsì náà kò fọ́n ká tó bí a ti rò.

Ọ̀nà kẹta ni ó gbajúmọ̀ jù láàrin àwọn onímọ̀ ìṣirò, nítorí pé kò yọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni standard deviation. Karl Pearson, onímọ̀ ìṣirò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó lo orúkọ yìí nínú ìwé ní ọdún 1894. Ìwọ̀n ìyapa ni a óò máa pè é nínú àròkọ yìí, nítorí pé ó ń sọ bí máàkì ti yà kúrò lára àròpín tó.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, a óò wo bí máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jìnnà sí àròpín. Nínú Ìṣirò, A fi 30 ju àròpín lọ, B fi 10 jù ú lọ, D wà lórí rẹ̀ gan-an, F fi 10 dín sí i, G sì fi 30 dín sí i. Bí a bá ro èyí tí ó lé àti èyí tí ó dín pọ̀, wọn yóò pa ara wọn rẹ́, òdo ni yóò kù. Nítorí náà, a óò sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ ní ìlọ́po ara rẹ̀, kí lílé tàbí dídín rẹ̀ má baà dí wa lọ́wọ́ mọ́. 30 lọ́nà 30 jẹ́ 900; 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100. Bí a bá ro 900, 100, 0, 100 àti 900 pọ̀, yóò jẹ́ 2000. A óò fi iye akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí í ṣe 5, pín in. Yóò jẹ́ 400. Ní ìkẹyìn, a óò wá nọ́ḿbà tí a lè fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kí ó tó 400. 20 ni nọ́ḿbà náà. Ìwọ̀n ìyapa Ìṣirò jẹ́ 20 nìyẹn.

Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí máàkì Yorùbá, 1, 3, 0, 3 àti 1 ni ìyapa wọn. Ìlọ́po wọn jẹ́ 1, 9, 0, 9 àti 1, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Bí a bá fi 5 pín in, yóò jẹ́ 4. Ìwọ̀n ìyapa Yorùbá jẹ́ 2. Àròpín sọ pé ìdánwò méjèèjì dọ́gba. Ìwọ̀n ìyapa sọ pé ọ̀kan fọ́n ká ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Kí a fi kún un pé bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀ ni a mú nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti fi mọ bí gbogbo wọn ti rí, ọ̀kan dín sí iye àwọn tí a mú ni a óò fi pín in.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn sì kó jọ sí àárín, tí díẹ̀ wà ní òkè, tí díẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, tí àwòrán máàkì wọn fi rí bí agogo tí a da ojú rẹ̀ dé, ìwọ̀n yìí tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Nǹkan bí 68 nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò wà láàrin ìwọ̀n ìyapa kan sí àròpín, lókè tàbí nísàlẹ̀. Nǹkan bí 95 nínú 100 ni yóò sì wà láàrin ìwọ̀n ìyapa méjì.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ipò nínú kíláàsì, èyí tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tàbí ẹ̀bùn òpin ọdún lè rọ̀ mọ́. Bí a bá ro máàkì méjèèjì pọ̀, A ní 129, B ní 107, D ní 100, F ní 93, G sì ní 71. A ni ó gba ipò kìíní, B ṣe ìkejì, F sì ṣe ìkẹrin. Ẹ wò ó dáadáa: bí wọ́n ti tò nínú Ìṣirò gan-an ni wọ́n ṣe tò nínú àpapọ̀. Ó dà bí ẹni pé wọn kò ṣe ìdánwò Yorùbá rárá. F ni ó ṣe dáadáa jù nínú Yorùbá, B ni ó sì gbẹ́yìn nínú rẹ̀, síbẹ̀ B ṣíwájú F. Ohun tí ó fà á ni pé iṣẹ́ tí máàkì rẹ̀ fọ́n ká ni ó máa ń pinnu ipò.

Bí a bá fẹ́ kí iṣẹ́ méjèèjì ní agbára kan náà, a óò fi ìwọ̀n ìyapa pín ìyapa akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. F fi 10 dín sí àròpín nínú Ìṣirò. 10 jẹ́ ìdajì 20, nítorí náà ó fi ìdajì ìwọ̀n dín. Nínú Yorùbá, ó fi 3 lé. 3 jẹ́ ìwọ̀n kan àti ààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ ni pé ó fi ìwọ̀n kan lé. Ti A náà jẹ́ ìwọ̀n kan ní lílé. D wà lórí òdo. B àti G fi ìwọ̀n kan dín. Báyìí, A àti F jọ gba ipò kìíní, D ṣe ìkẹta, B tí ó ṣe ìkejì tẹ́lẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú G. Kò sí ẹni tí ó fi máàkì kan kún ti ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n nìkan ni ó yí padà.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Nígbà tí máàkì bá kó jọ sí ojú kan, ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ náà dọ́gba lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ìbéèrè ti rọrùn jù tàbí ó ti le jù, tàbí pé olùkọ́ tí ó yẹ àròkọ wò ń bẹ̀rù láti fún ẹnikẹ́ni ní máàkì gíga tàbí kékeré. Bí ìyàtọ̀ máàkì méjì bá jẹ́ kòńgẹ́ lásán, tí a wá sọ ọ́ di ìwọ̀n kan gbáko, a ti sọ kòńgẹ́ di ẹ̀bùn. Ìwọ̀n ìyapa ń fi bí máàkì ti rí hàn wá. Olùkọ́ ni yóò wádìí ohun tí ó fà á.

Ní àkótán, àròpín ń sọ ibi tí àárín kíláàsì wà. Ìfọ́nká ń sọ bí àwọn ọmọ ti jìnnà síra tó. Olùkọ́ Ìṣirò tí ó mọ̀ pé ìwọ̀n ìyapa òun jẹ́ 20 yóò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kan náà kò lè tó A, kí ó sì tún yé G. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kò ní fi ipò tí kò tọ́ sí ọmọ fún un, kò sì ní fi èyí tí ó tọ́ sí i dù ú. Nítorí náà, nígbàkigbà tí a bá gbọ́ pé àròpín kíláàsì kan jẹ́ 50, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè pé: báwo ni wọ́n ṣe fọ́n ká sí?