Ajá Ọlọ́gbọ́n tó Ń Yọ Ilé Lẹ́nu

Ajá tí wọ́n ń sìn jù ní Tápà àti láwọn ìlú Ìbàràpá yòókù ni ajá ilẹ̀ wa, tí àwọn tó ń ta ajá ń pè ní lókà. Kò ga púpọ̀, irun rẹ̀ kúrú mọ́ ara, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ pupa rúsúrúsú, dúdú, funfun tàbí alámì tótòtó. Ajá ọ̀dàn ni. Ooru kì í tètè mú un, oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù nínú ìkòkò ti tó o, ó sì lè bá olówó rẹ̀ lọ oko láàárọ̀ kó má sinmi títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn ajá òyìnbó máa ń fojú tín-ín-rín wò ó, ṣùgbọ́n nínú ohun tí ilé àgbẹ̀ ń fẹ́ lọ́wọ́ ajá, ọgbọ́n rẹ̀ kò kéré sí ti ajá òyìnbó kankan. Ọgbọ́n yìí náà ló sì ń sọ ọ́ di oníyọnu.

Ajá tí kò gbọ́n, ibi tí wọ́n bá fi í sí ló ń wà. Èyí tó gbọ́n ló ń mọ̀ pé imú lè ṣí ọmọrí ìkòkò, pé ìlẹ̀kùn tí wọ́n fi okùn dè lókè ṣì ṣeé tì láti ìsàlẹ̀, pé bí gbogbo ilé bá ti gba oko lọ, kò sí ẹni tí yóò bá a wí bó bá sùn sórí láfún tí wọ́n sá. Bí ìyá ilé bá ń yan ẹja, ajá bẹ́ẹ̀ á na gbalaja síbi tí èéfín kò dé, á gbé àgbọ̀n lé ọwọ́ iwájú méjèèjì, á la ojú sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Kò ní mira. Ìgbà tí ìyá bá kọ ẹ̀yìn láti fa omi ni yóò dìde, á mú ẹyọ kan tó wà létí ààrò, á sì rìn jẹ́jẹ́ gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Àwọn onímọ̀ ti dán irú olè yìí wò. Ní 2003, Josep Call àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Leipzig, ní Jámánì, gbé oúnjẹ síwájú àwọn ajá, wọ́n sì ní kí wọ́n má jẹ ẹ́. Nígbà tí ènìyàn tẹjú mọ́ wọn, èyí tí wọ́n jí kò tó èyí tí wọ́n jí nígbà tí ẹni náà kọ ẹ̀yìn, tó di ojú, tàbí tó gbájú mọ́ nǹkan mìíràn. Ìdí abájọ nìyí tí igbe “Má mú un!” kò fi tó láti kọ́ ajá. Ohun tí igbe náà ń kọ́ ajá ọlọ́gbọ́n ni pé ẹja di èèwọ̀ nígbà tí ojú bá wà níbẹ̀ nìkan.

Kékeré ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ajá máa ń la ojú láàárín ọjọ́ 10 sí 14 tí wọ́n bí i. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá tàbí ìkẹrìnlá ni ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù láti mọ ohun tó wà láyé; John Paul Scott àti John Fuller ló ṣe àlàyé yìí yékéyéké nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1965. Ohun tí ọmọ ajá bá fi ojú rere pàdé láàárín ìgbà náà kì í sábà bà á lẹ́rù mọ́, kì í sì í fẹ́ pa á. Nítorí náà, kí ọmọ ajá Tápà ti rí ewúrẹ́, adìyẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀kadà, àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri, kó sì ti gbọ́ ìlù bàtá àti ariwo egúngún lókèèrè kó tó pé oṣù mẹ́ta. Èyí tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ilé ní gbogbo àsìkò yẹn, wọ́n ti fi ìgbà tó dára jù ṣòfò.

Nígbà tó bá tó oṣù mẹ́rin sí méje, eyín ń yọ, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ sì ń já. Ìgbà náà ni bàtà, ìgbálẹ̀ àti etí ẹní máa ń rí ìjà rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tẹ̀, ẹran ìdí eyín ló ń yún un. Àkísà tí wọ́n ta ní kókó, tàbí egungun ńlá màlúù tí kò tíì jinná, ni wọ́n máa ń fún un dípò bàtà. Egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè léwu, nítorí ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó sì lè gún un nínú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń pè ní ìbáwí ni ẹgba, ẹgba náà sì sábà máa ń pẹ́ kó tó dé. Olójà á dé láàṣálẹ́, á rí ìkòkò tó ti ṣófo láti ọ̀sán, á pe ajá, á sì nà án. Ajá á rẹ etí sílẹ̀, á fi ìrù sáàárín ẹsẹ̀, á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, gbogbo ilé á ní ó mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Alexandra Horowitz dán èyí wò ní New York, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009. Ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ yẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bóyá ajá jẹ oúnjẹ tàbí kò jẹ ẹ́. Ìbínú olówó rẹ̀ ló ń gbé e wá, ajá tí kò ṣe ohunkóhun sì ń ṣe ojú náà bí wọ́n bá jágbe mọ́ ọn. Ìbáwí tí kò bá bọ́ sí ìṣẹ́jú àáyá tí ajá wà lẹ́nu iṣẹ́ náà gan-an ti bọ́ sórí nǹkan mìíràn, ohun tó sì sún mọ́ ọn jù ni pé wọ́n pè é, ó sì wá.

Ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ tó tóbi jù ti ń ṣẹlẹ̀. Òwe ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣùgbọ́n ajá mìíràn wà tó ń gbọ́ fèrè dáadáa tí kì í dá a lóhùn, torí pé ìgbà tó dáhùn kẹ́yìn, ẹgba ló bá lọ́wọ́ ẹni tó pè é. Nínú àlọ́ ọdẹ tí wọ́n fẹ́ pa lórí igi, orúkọ ajá rẹ̀ mẹ́ta, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé, ni ọdẹ náà ń pè tí àwọn ajá náà fi já ìdè wá gbà á. Orúkọ ajá kò gbọdọ̀ jẹ́ ohùn ìyà láé. Àwọn tó ń fi ata kun ajá nímú, tàbí tí wọ́n ń ki ẹyin gbígbóná bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó má baà jí ẹyin mọ́, ń ba imú tó fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́, wọ́n sì ń kọ́ ọ láti bẹ̀rù ọwọ́ ènìyàn. Ajá tó ń bẹ̀rù ọwọ́ ni í bu ọwọ́ jẹ. Òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà náà ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Àwọn ọdẹ mọ ọ̀nà tó sàn jù. Nígbà tí ajá bá lé ọ̀yà jáde nínú koríko tí wọ́n sì pa á, ojú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé ìfun fún ajá náà. Wọn kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá délé. Edward Thorndike, tó ti ẹranko mọ́ àpótí ní New York láti wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọgbọ́n àtijáde, sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà ní 1898: ohun tó bá mú èrè wá kíákíá ni ẹranko ń tún ṣe, èyí tí kò mú èrè wá á sì máa parẹ́. Ajá tó ń jí ẹja ń gba èrè lọ́jọ́ tó bá rí i jí. Ìbáwí àkọ́kọ́ ni kí èrè náà dópin, kí wọ́n gbé ẹja sókè, kí wọ́n gbé òkúta lé ọmọrí, kí àwo má sùn síta. Ẹja kan ṣoṣo tó bá rí jí láàárín oṣù kan tó láti mú kí ó máa wá ibẹ̀ wò lójoojúmọ́.

Èkejì ni kí ó mọ ọ̀nà tí oúnjẹ fi ń wá. Wọ́n á gbé àwo rẹ̀ dání, wọ́n á ní, “Jókòó!” Bó bá jókòó, àwo á máa sọ̀kalẹ̀, bó bá fò dìde, àwo á tún gòkè, láìsí ariwo, láìsí lílù. Ajá ọlọ́gbọ́n kì í pẹ́ rí i pé ìdí òun tó bá kan ilẹ̀ ló ń mú àwo sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á gbé àwo sílẹ̀ tán kí wọ́n tó ní kó máa jẹ. Ajá tó lè dúró wo oúnjẹ tirẹ̀ ni wọ́n lè kọ́ láti fi ti ẹlòmíràn sílẹ̀.

Ilé gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Bí bàbá bá ní “Bọ́ síta,” tí ìyá ní “Kúrò níbẹ̀,” tí ọmọ wá ń sọ òkèlè ẹ̀bà sílẹ̀ fún un lábẹ́ tábìlì, ọ̀rọ̀ ọmọ ni ajá yóò gbọ́. Kì í ṣe pé orí ajá kò gba ọ̀rọ̀. Ajá kan tó ń jẹ́ Chaser ní Amẹ́ríkà mọ orúkọ ohun ìṣeré 1,022, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tó jáde ní 2011 ṣe fi hàn. “Jókòó,” “Dúró,” “Wá” àti “Fi í lẹ̀” ti tó fún agbo ilé, bí gbogbo ẹnu bá ń pè wọ́n bákan náà.

Ọ̀rọ̀ adìyẹ àti ewúrẹ́ ló ń dá ìjà àdúgbò sílẹ̀ jù, torí ẹran ọ̀sìn ń rìn kiri ìlú, alájá ló sì ń san owó èyí tí ajá rẹ̀ bá pa. Okùn ni wọ́n fi ń kọ́ ajá nípa èyí. Wọ́n á so ó, ẹni tó di okùn mú á jókòó jìnnà díẹ̀ sí adìyẹ. Bí ajá bá ranjú mọ́ adìyẹ, á ní, “Fi í lẹ̀!” lẹ́ẹ̀kan. Lójú ẹsẹ̀ tí ajá bá yí orí padà, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹja gbígbẹ á bọ́ sí i lẹ́nu. Wọ́n á máa sún mọ́ adìyẹ díẹ̀díẹ̀, ní ọjọ́ púpọ̀, títí ajá yóò fi máa wo ojú olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí adìyẹ bá kọjá. Sùúrù iṣẹ́ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹgba tó lè ṣe é.

Púpọ̀ nínú ìyọnu tó kù, bíi gbígbẹ́ ilẹ̀, fífo ọgbà àti gbígbó láìnídìí, àìríṣẹ́ṣe ló fà á. Ajá tó bá olówó rẹ̀ lọ oko, tó tú ihò òkété wò, tó tọ ipasẹ̀ ehoro, á sùn bó bá délé. Fún ilé tí kò ní oko, ẹja gbígbẹ díẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ káàkiri àgbàlá kó máa fi imú wá a náà ń mú kó rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wọ̀n dára fún wákàtí díẹ̀ lábẹ́ ibòòji, pẹ̀lú omi. Èyí tí wọ́n so látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lójoojúmọ́ á di òǹrorò.

Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyọnu àti àìsàn. Ajá tó ṣàdédé yí ìwà padà, tó ń da itọ́, tí ohùn rẹ̀ yí, tó ń bu igi àti òkúta jẹ, tàbí tó kàn ń fara pamọ́, lè ti ní dìgbòlugi, kò sì sí ẹ̀kọ́ tó kan èyí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò rẹ̀, láti oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì máa tún un gún bí dókítà ẹranko bá ṣe sọ. Ilé ìwádìí àìsàn ẹranko tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Vom, nítòsí Jos, ní 1924, wà lára àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gbé ẹni náà dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ara ajá náà bá dá, kí wọ́n má yára pa á; wọ́n á dè é lọ́tọ̀, wọ́n á máa wò ó fún ọjọ́ 10, kí dókítà lè mọ̀ bóyá dìgbòlugi wà lára rẹ̀.