Ìgbín Àlejò Inú Ọgbà Wa: Ohun Tó Yẹ Kí Ọmọ Òrìṣà Ṣe

Ẹ̀kọ́ tòní kì í ṣe ti orin, kì í ṣe ti ijó. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko kan ni, tó wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín ní Bahia. Kò sẹ́ni tó pè é, kò sì fẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, ìyàwó kékeré kan wọlé wá bá wa. Aṣọ funfun ló wọ̀. Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mo júbà o, ẹ̀yin àgbà. Ọbàtálá fi ìgbín ránṣẹ́ sí wa! Mo bá mẹ́fà lára ògiri, mo mú ọ̀kan wá."

Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. A wo ìgbín náà, a wo ojú ọmọ náà. A ní, "Ọmọ wa, o ṣeun. Rọra gbé e sínú garawa yẹn. Lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ. Má fi ọwọ́ kan ojú, má fi kan ẹnu. Tí o bá padà dé, a ó sọ ìdí rẹ̀ fún ọ."

Ohun tí a sọ fún un lọ́jọ́ náà ni a fẹ́ sọ fún gbogbo yín lónìí.

Ta ni àlejò yìí?

Àwọn aládùúgbò wa ń pè é ní caramujo africano. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Achatina fulica. Òótọ́ ni pé Áfíríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, àmọ́ ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà ni, kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Ìgbín ńlá tí wọ́n máa ń ṣà nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, ìran mìíràn ni. Archachatina marginata ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú wọn. Ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Báwo ló ṣe wá dé Bràsíl? Ẹ tẹ́tí dáadáa síbí yìí, torí àwọn kan máa ń fẹ́ di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwa ẹlẹ́sìn òrìṣà. Kì í ṣe inú ọkọ̀ tó kó àwọn baba ńlá wa wá ló bá wọn wọ̀lú. Ní òpin àwọn ọdún 1980 ni àwọn oníṣòwò kó o wá sí ìpínlẹ̀ Paraná, ní gúúsù. Wọ́n fẹ́ máa sìn ín tà fún àwọn ilé oúnjẹ, kí wọ́n lè máa lò ó dípò ìgbín tí àwọn ará Faransé ń jẹ. Ọjà náà ò tà. Àwọn kan bá da ìgbín wọn sígbó, àwọn ìgbín mìíràn sì rìn jáde fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tàn kálẹ̀ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2005, IBAMA, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó igbó àti ẹranko, ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sìn ín, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ tà á.

Àwa nìkan kọ́ ló dé bá. Ní ọdún 1966, ọmọkùnrin kan mú ìgbín mẹ́ta péré láti Hawaii lọ sí Miami, ní Florida. Ìyá rẹ̀ àgbà sọ wọ́n sínú ọgbà. Láàárín ọdún díẹ̀, mẹ́ta ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọdún 1975 ni ìjọba tó rí wọn pa tán, owó tí wọ́n ná sì ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ní 2011 wọ́n tún rí i ní Miami. Ìjà náà gba ọdún mẹ́wàá, títí di 2021, ìgbín tí wọ́n sì ṣà ju 160,000 lọ. Ní 2022 ó tún yọjú ní Pasco, ní Florida kan náà. Ní Kúbà, ọdún 2014 ni wọ́n rí i ní Havana. Ẹ ò rí i pé nǹkan kékeré kọ́.

Kí ló burú nínú rẹ̀?

Àkọ́kọ́, ó ń bí sí i jù. Ìgbín kọ̀ọ̀kan ní nǹkan ọkùnrin, ó ní ti obìnrin, nítorí náà gbogbo wọn ló lè yé ẹyin. Ẹyin rẹ̀ lè tó 200 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì lè tó 1,200 láàárín ọdún kan.

Ìkejì, ó ń jẹ ohun ọ̀gbìn. Oríṣi ewéko tó ń jẹ ju 500 lọ. Ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ó ń jẹ ewé ìbẹ́pẹ, kódà ó máa ń há ògiri jẹ kí ìkarahun rẹ̀ lè le.

Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù: àìsàn. Aràn tín-tìn-tín kan wà tó ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró eku. Ọmọ aràn yìí ń bá ìgbẹ́ eku jáde. Ìgbín jẹ ìgbẹ́ eku, aràn wọ inú ìgbín. Eku mìíràn jẹ ìgbín, aràn padà sínú eku. Bí wọ́n ṣe ń yí po nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá jẹ ìgbín tútù, tàbí èyí tí kò jinná, tàbí tó jẹ ẹ̀fọ́ tí kò fọ̀ dáadáa, aràn náà lè ṣìnà wọ inú ọpọlọ. Irú àrùn yírùnyírùn kan ló máa ń fà. Orí á máa fọ́ èèyàn gan-an, ọrùn á le, èébì lè máa gbé e, ara lè máa ta á bí abẹ́rẹ́. Ní ọdún 2007 ni àwọn onímọ̀ kéde pé wọ́n ti rí ìgbín tó ní aràn yìí ní Bràsíl, ní ìpínlẹ̀ Espírito Santo.

Kì í ṣe gbogbo caramujo ló ní aràn o. Àmọ́ ojú lásán ò lè mọ èyí tó ní in yàtọ̀ sí èyí tí kò ní in. Nítorí náà, bí orí bá ń fọ́ ọ tí ọrùn rẹ sì le, sọ fún àwọn òbí rẹ, kí ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá. Tí o bá ti fọwọ́ kan ìgbín, sọ ọ́. Má fi pa mọ́ nítorí ìtìjú.

Ṣé kì í ṣe ti Ọbàtálá ni?

Ìbéèrè tí ìyàwó kékeré yẹn bi wá nìyí nígbà tó fọwọ́ tán. Ìbéèrè tó dára ni.

Gbogbo wa la mọ̀ pé Ọbàtálá fẹ́ràn ìgbín. Ìgbín ò lé ẹnikẹ́ni, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi ń gun igi. Omi inú rẹ̀ la ń pè ní omi ẹ̀rọ̀, torí ó ń mú ara tutù. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá gbé síwájú òrìṣà gbọ́dọ̀ mọ́. Ta ni yóò bu oúnjẹ láti orí ààtàn fún bàbá rẹ̀? Ìgbín tó jẹ ìgbẹ́ eku lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a ò lè torí pé ó jọ ìgbín kí a gbé e fún Ọbàtálá. Ohun tí a fi ń tu orí kò gbọ́dọ̀ di ohun tó ń pa orí.

A mọ̀ pé àwọn ilé kan ti ń lò ó. A ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, a ti pinnu: a kì í mú ìgbín inú ọgbà wọ ojúbọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mu omi ìgbín tútù, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kán an sójú. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi àwọn àgbà ilé wa ná."

Ẹ má pa ọmọ onílé

Kí ẹ tó pa ìgbín kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bràsíl ní ìgbín tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní aruá-do-mato. Ọmọ onílé nìyẹn, ó sì ti ń ṣọ̀wọ́n. Ẹ wo ẹnu ìkarahun wọn. Ti àlejò, etí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ó mú bí abẹ, ìkarahun rẹ̀ gùn ṣóńṣó, ó sì ní ìlà dúdú àti ìlà ràkúnràkún. Ti ọmọ onílé, etí ẹnu rẹ̀ nípọn, kò lè gé èèyàn lọ́wọ́. Ẹyin àlejò kéékèèké, ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹyin ọmọ onílé tóbi, kò sì ju díẹ̀ lọ. Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ pe àgbà kó wá wò ó. Ẹni tó ń lé olè jáde kò gbọ́dọ̀ lé onílé mọ́ ọn.

Bí a ṣe ń lé e

1. Àárọ̀ kùtù, ìrọ̀lẹ́, tàbí lẹ́yìn òjò ni kí ẹ ṣà á. Lọ́sàn-án, ó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ pákó, bíríkì àti ewé tútù. Oṣù kẹrin sí oṣù keje, tí òjò bá ń rọ̀ ní Salvador, ẹ jẹ́ kí ojú yín là sí i.

2. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́. Ẹ má jẹun, ẹ má mu sìgá lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹ wá ẹyin pẹ̀lú, torí tí ẹ bá fi ẹyin sílẹ̀, iṣẹ́ ò tíì parí. Ó máa ń wà nínú ilẹ̀, ó funfun díẹ̀, ó pọ́n díẹ̀.

3. Iṣẹ́ àgbà ni pípa. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ fọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má jìyà. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn, tó sì jìnnà sí kànga. Ẹ da cal virgem lé wọn, kí ẹ bò ó. Cal yìí kì í ṣe ẹfun o! Funfun ni méjèèjì, àmọ́ cal máa ń jó ọwọ́, ó sì lè fọ́ ojú. Ọmọdé ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

4. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tó lè gbẹ́, kó po água sanitária ife kan mọ́ omi ife mẹ́ta, kó rì wọ́n sínú rẹ̀ fún wákàtí 24, kó tó fọ́ ìkarahun kó sì dà á nù. Kó má po ohun mìíràn mọ́ ọn.

5. Ẹ má fi ìkarahun sílẹ̀ lódindi. Omi òjò á dúró sínú rẹ̀, ẹ̀fọn tó ń gbé dengue kiri á sì yé sí i.

6. Ẹ má da iyọ̀ sílẹ̀. Iyọ̀ ń ba ilẹ̀ jẹ́, kò sì pa ẹyin. Àwa tí a kì í fi iyọ̀ sí oúnjẹ Ọbàtálá, ó yẹ kí èyí yé wa. Ẹ má sì da májèlé kálẹ̀, torí ajá, ológbò àti ọmọ ọwọ́.

7. Ẹ má jù ú láàyè sínú odò, sí ilẹ̀ òfìfo, tàbí sí ọgbà aládùúgbò. Irú ìyẹn ló kó wa sínú wàhálà yìí.

8. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ kó pákó àti ìdọ̀tí kúrò lẹ́yìnkùlé. Ibi tí eku ò ti ríbi sá sí, ìgbín náà ò ní gbádùn ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ewé

Láìsí ewé, kò sí òrìṣà, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orí ewé ni ìgbín ń rìn lóru, tó ń fa omi yíyọ̀ sílẹ̀. Ewé tí a óò fi wẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, kí ẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn. Ewé tí a óò mu, a kì í já a mọ́ níbi tí ìgbín ti ń rìn. Inú ìkòkò lórí tábìlì gíga la gbìn ín sí. Ẹ̀fọ́ tí a óò jẹ ní tútù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà kan tí ẹ ti po ṣíbí ńlá kan água sanitária mọ́, fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì tún fi omi mímọ́ ṣàn án.

Ẹ̀yin tó ń rìnrìn-àjò, ẹ má di ìgbín láàyè sínú ẹrù. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà á láìgba ìwé àṣẹ. Ìgbín mẹ́ta péré ló dá wàhálà ọdún 1966 sílẹ̀.

Ìyàwó kékeré yẹn gbọ́ gbogbo èyí, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Ṣé mo ṣe ohun tó burú ni?" A ní rárá. Ó rí nǹkan, ó rántí òrìṣà rẹ̀, ó sì gbé e wá fún àgbà kó tó ṣe ohunkóhun. Ohun tó tọ́ ló ṣe. Lọ́jọ́ kejì òun ló kọ́kọ́ jí, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì fi ibi tí márùn-ún yòókù wà hàn wá.

Kí Ọbàtálá fún wa ní orí tútù, ara líle àti ilé tó mọ́. Àṣẹ.

Ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́

1. Ibo ni ìran caramujo africano ti ṣẹ̀ wá? Ta ló kó o wá sí Bràsíl, kí sì ni ìdí rẹ̀?
2. Báwo ni aràn ṣe ń ti inú eku dé inú ìgbín?
3. Báwo la ṣe ń mọ aruá-do-mato yàtọ̀?
4. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹfun àti cal?
5. Bí o bá rí ìgbín lára ògiri lọ́la, kí ni wàá kọ́kọ́ ṣe?