Ibi tí owó katakata méjì ti pàdé

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Ìgbẹ́tì, ọ̀rọ̀ katakata ló máa ń gba ẹnu àgbẹ̀ tó fẹ́ gbin àgbàdo. Ẹ jẹ́ ká gbà pé oníkatakata méjì ló wà. Èkíní ń gba ₦20,000 owó ìrìn, yóò tún gba ₦10,000 lórí éékà kọ̀ọ̀kan. Èkejì kì í gba owó ìrìn, ṣùgbọ́n ₦15,000 ni éékà tirẹ̀. Ta ni kí èèyàn pè?

Simultaneous equation, ìyẹn ìdọ́gba méjì tí a jọ ń wá ìdáhùn wọn, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ń sá fún kò ju èyí lọ. Lórí pépà gíráàfù, ìlà ìdùbúlẹ̀ ni ti éékà, ìlà òòró ni ti owó. Àmì méjì tó láti fa ìlà kan. Ti ẹni àkọ́kọ́: òdo éékà, ₦20,000; éékà 10, ₦120,000. Ti ẹnì kejì: òdo éékà, òdo náírà; éékà 10, ₦150,000. Ẹ fi rúlà fà wọ́n. Orí éékà 4, ní ₦60,000, ni wọ́n ti gé ara wọn kọjá.

Bí ẹ bá fi álíjẹ́bírà ṣe é, tí x dúró fún éékà, tí y dúró fún owó, 4 àti 60,000 náà lẹ máa rí, kò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀. Gíráàfù ń sọ̀rọ̀ síwájú sí i. Ní éékà 3, ẹnì kejì ló dínwó: ₦45,000 sí ₦50,000. Ní éékà 6, ẹni àkọ́kọ́ ni: ₦80,000 sí ₦90,000. Lójú tèmi, èyí ló yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi han ọmọ.

Àmọ́ pẹ́ńsù lè tan ni jẹ. Ká ní ẹnì kejì ń gba ₦16,000 owó ìrìn àti ₦11,000 lórí éékà, éékà 4 náà ni wọn ì bá ti pàdé, ṣùgbọ́n ìlà méjèèjì á fún mọ́ra débi pé ẹlòmíràn á kà á sí 3 tàbí 5. Níbẹ̀, álíjẹ́bírà ló ṣeé gbára lé.

Bí àwọn méjèèjì bá wá ń gba ₦10,000 lórí éékà, tí owó ìrìn ọ̀kan jẹ́ ₦20,000, tí ti èkejì jẹ́ ₦15,000 ńkọ́? Ìlà wọn ò ní pàdé láéláé. Ìdọ́gba náà ò ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ti rí tirẹ̀: oní-₦15,000 ni kó pè, ìbáà ṣe éékà kan, ìbáà ṣe ogún.