Kí Ni Ọmọ Ń Kọ́ Nílé Ẹ̀kọ́ Ijó?

Bí ọmọ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó bá wọlé lónìí, tí ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kọ́ ijó, a mọ èsì tí yóò gbà. Wọn yóò bi í léèrè pé ṣé ìwé ni kò rí kà tí ó fi jẹ́ pé ijó ni ó kù. Àwa kò lè dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà dàgbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwé wa ti ń ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ rẹ̀, tí a sì ń ronú lórí ẹ̀kọ́ tí í bá ọmọ dé ọjọ́ alẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ijó kan ni ọkàn wa lọ sí. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kí ẹ̀yin òbí lè gbé e yẹ̀ wò fúnra yín.

Leap of Dance Academy ni orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, Ajángbádì lọ́nà Àgbádárìgì ni ó sì wà. Ọ̀gbẹ́ni Daniel Owoseni Ajala ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2017. Fíìmù kan ni ó wò, Save the Last Dance, tí ọkàn rẹ̀ fi fà sí ijó tí àwọn aláwọ̀ funfun ń pè ní ballet. Kò sí olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ nítòsí. Fídíò orí YouTube àti ìwé ni ó fi kọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́, kò gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ àdúgbò tí ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé ni ó fi ṣe yàrá ijó.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, fídíò kékeré kan jáde láti ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ ọdún 11 kan, Anthony Mmesoma Madu, ń jó lábẹ́ òjò láìwọ bàtà, lórí kọnkéré tí omi ti bò. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ni ó wo fídíò yìí káàkiri ayé. Ẹgbẹ́ oníjó ńlá ti Amẹ́ríkà, American Ballet Theatre, fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ríbi wọlé sí Elmhurst Ballet School ní ìlú Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2024, wọ́n ṣe fíìmù nípa ìrìn àjò rẹ̀, Madu ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó darí fíìmù náà, Joel Kachi Benson, ọmọ Nàìjíríà ni.

Kí wá ni ijó yìí? Ààfin àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Ítálì ni ó ti ṣẹ̀, ilẹ̀ Faransé ni ó sì ti dàgbà. Ní ọdún 1661, Ọba Louis Kẹrìnlá dá ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ fún ijó ní Paris. Pierre Beauchamp, ọ̀gá ijó ní ààfin rẹ̀, ni a gbà pé ó to ìdúró ẹsẹ̀ márùn-ún tí gbogbo oníjó ballet ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí di òní. Ìdí nìyí tí orúkọ gbogbo ìṣísẹ̀ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ Faransé, ìbáà ṣe ní Moscow tàbí ní Ajángbádì. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ọ̀rọ̀ náà lè wọ yàrá ijó ní ìlú tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, kí ó sì bá wọn jó, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ tonic sol-fa ti lè bá ẹgbẹ́ akọrin tí kò mọ̀ rí kọrin.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti ti ilé ìwé dé ni ẹ̀kọ́ ijó máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í fi fífò bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yóò di ọ̀pá kan mú, ọ̀pá tí ó ga tó ìbàdí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní barre. Gìgísẹ̀ yóò kan gìgísẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ yóò kọjú sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn yóò nà gbọọrọ. Yóò wá máa tẹ orúnkún rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa nà án padà díẹ̀díẹ̀. Plié nìyẹn. Yóò ṣe é lọ́tùn-ún, yóò ṣe é lósì, lónìí, lọ́la àti lọ́dún tí ń bọ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó fi ọ̀pá sílẹ̀ láti dúró láàárín yàrá, níbi tí kò ti sí ohun tí yóò gbá mú. Ìgbẹ̀yìn ni fífò ń bọ̀. Kí wọ́n tó túká, gbogbo wọn á tẹríba fún olùkọ́, bí àwa ti ń dọ̀bálẹ̀ tí a sì ń kúnlẹ̀ fún àgbà.

Bàtà líle tí àwọn ọmọbìnrin fi ń dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ohun tí ó ń wu ojú jù lọ, kò sí ẹni tí í fi í lé ọmọ kékeré lọ́wọ́. Ó di ìgbà tí egungun ẹsẹ̀ bá gbó, bí ọmọ ọdún 11 tàbí 12, lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún púpọ̀. Olùkọ́ tí ó bá kánjú lè ba ẹsẹ̀ ọmọ jẹ́. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nínú gbogbo èyí, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí tí ó lè bá ọmọ kalẹ́. Èkíní ni pé ẹnikẹ́ni kì í dàgbà kọjá ìpìlẹ̀. Oníjó tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé ṣì ń fi plié bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ rẹ̀, bí àwa àlùfáà ti ń padà sí àdúrà tí ìyá wa kọ́ wa. Èkejì ni gbígba ìbáwí. Nínú yàrá ijó, olùkọ́ lè tún èjìká ọmọ kan ṣe ní ìgbà mẹ́wàá lójú gbogbo ẹgbẹ́, ọmọ náà yóò sì dúpẹ́. Ẹni tí olùkọ́ kò bá bá wí mọ́ ni ó yẹ kí ẹ̀rù bà, nítorí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti sọ ìrètí nù lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bíbá ẹgbẹ́ rìn. Nígbà tí ogún oníjó bá gbé apá sókè pọ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí ó bá yára jù ni yóò bà á jẹ́, bí ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jó ju gbogbo wọn lọ.

Àwa ará Erékùṣù Èkó kò ṣe àjèjì sí irú ìtọ́sọ́nà yìí. Olóògbé Thomas Ekundayo Phillips lu dùùrù, ó sì tọ́ ẹgbẹ́ akọrin ní Kàtídírà Krístì ní Marina láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó kọrin lábẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande, tí ó di olórin tí ayé mọ̀. Dùùrù náà kì í ṣe ti àwọn baba wa, síbẹ̀ a gbà á. Ijó ni a ṣiyèméjì sí. Ọ̀gbẹ́ni Ajala fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ béèrè bóyá ijó yìí kò lòdì sí ìwà Kristẹni. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ní ọdún 1944, ìjọ kan ní Ebúté Mẹ́tta ni ó ní kí Hubert Ogunde ṣe eré Bíbélì tí ó gbé ka orí ìtàgé ní Gbọ̀ngàn Glover, ní Erékùṣù wa níbí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

A kò sọ pé ọ̀nà yìí kò ní ẹ̀gún. Àwọn ọmọ kan ti febi pa ara wọn nítorí kí wọ́n lè tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn farapa. Bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́ ijó, ẹ lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n ń jó lé. Ẹ bi olùkọ́ léèrè ibi tí ó ti kọ́ ọ. Ẹ jókòó ti ẹ̀kọ́ náà ní ìgbà kan, kí ẹ sì rí i pé ìwé ọmọ kò jó rẹ̀yìn. Díẹ̀ ni yóò fi ijó jẹun nínú wọn. Díẹ̀ nínú wa náà ni ó di àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ni a jọ wọ ilé àdúrà ní àràárọ̀.

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan kí a tó dákẹ́. Nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta, ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tí ara rẹ̀ ń gbọ́ orin ju ti gbogbo wa lọ. Ní alẹ́ àríyá ìparí ọdún, ó jó níwájú gbogbo ilé ìwé, ijó tí òun tìkára rẹ̀ ronú jáde. Àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ ni a hó lé e lórí. A sọ ọ́ ní “Ìyàwó”, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ títí a fi jáde. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a pé jọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àwọn onílù ń ki í, gbogbo ènìyàn ti dìde, ṣùgbọ́n kò ṣí kúrò lórí ìjókòó. Ó kàn ń nawọ́ owó sí wọn ni. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣebí ẹ̀yin náà ni ẹ ní kí n jókòó.”

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti wàásù lórí Míkálì, tí ó yọjú lójú fèrèsé tí ó sì gan Dáfídì nígbà tí ó ń jó níwájú Olúwa. Lọ́jọ́ náà ni a mọ̀ pé àwa náà ti wà lójú fèrèsé yẹn rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ wa, bí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan bá dìde láti fi ẹ̀bùn rẹ̀ hàn yín, ẹ má ṣe yára rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ́kọ́ wò ó parí. Kí Ọlọ́run tí ó pa ilé ìwé wa mọ́ títí di òní máa pa ẹ̀bùn àwọn ọmọ wa mọ́. Àmín.