Géèmù àtijọ́ tí kò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun: owó ṣì wà nínú rẹ̀

Bí oníbàárà bá gbé àwo géèmù tó ti rà láti nǹkan bí ọdún 1995 wá sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí wọ́n kì í bọ inú ẹ̀rọ tuntun, ẹ̀rọ náà sábà máa ń kọ̀ ọ́ jálẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí yóò sì tẹ̀ lé e ni pé, "Ó ti bàjẹ́, ẹ lọ dà á nù." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti ti owó dànù, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan kan kò ṣe àwo náà. Ilé tó ń gbé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wó.

DOS ni wọ́n ń pe ilé ọ̀hún. Ọdún 1981 ni Microsoft gbé e jáde, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ géèmù kọ̀ǹpútà fìdí múlẹ̀ sí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kódà, Windows 95 àti Windows 98 ṣì ní DOS nísàlẹ̀. Nígbà tí Windows XP dé lọ́dún 2001, ìpìlẹ̀ mìíràn ni wọ́n kọ́ ọ lé. Géèmù ìgbà náà a máa bá káàdì ohùn àti káàdì àwòrán sọ̀rọ̀ tààrà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tuntun kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ètò oní-bit 16 ni púpọ̀ nínú wọn, Windows oní-bit 64 kò sì gba irú ètò bẹ́ẹ̀ wọlé rárá. Windows 11, tó jáde lọ́dún 2021, oní-bit 64 nìkan ló wà.

Ìṣòro mìíràn tún wà tó ń pani lẹ́rìn-ín. Àwọn géèmù kan kò ní aago tiwọn, bí ẹ̀rọ bá ṣe yára tó ni àwọn náà ṣe ń sáré. Wing Commander, tó jáde lọ́dún 1990, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: lórí ẹ̀rọ tó yára jù, ogun á ti parí kí ẹni tó ń ta á tó gbọ́wọ́ lé kíbọ́ọ̀dù. Nítorí irú èyí ni àwọn kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn ṣe ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Turbo sí. Orúkọ eré sísá ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gan-an ni kí ẹ̀rọ lè rọra.

Àwọn tó fowó gidi ra ojúlówó pàápàá kò bọ́. Kọ́kọ́rọ́ SafeDisc, tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń dènà àdàkọ nígbà kan, kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí Windows 10 ti dé lọ́dún 2015, nítorí pé àwọn ọ̀daràn lè gba ibẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà.

Fún géèmù tí wọ́n ṣe fún Windows àtijọ́, ohun tí èèyàn á kọ́kọ́ gbìyànjú kò ná an ní kọ́bọ̀: kó fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ géèmù náà, kó wọ Properties, kó wọ Compatibility, kó wá yan Windows 98 tàbí XP. Ti DOS ló gba DOSBox. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn ará Nẹ́dálándì méjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde lọ́dún 2002. Kò fọwọ́ kan géèmù náà rárá. Ńṣe ló ń kọ́ ilé àtijọ́ sínú ilé tuntun, tòun ti káàdì ohùn Sound Blaster. Tí géèmù bá wà nínú fódà tó ń jẹ́ geemu, èèyàn á tẹ mount c c:\geemu, á tẹ c:, á wá tẹ orúkọ géèmù. Bó bá ń sáré jù, Ctrl àti F11 ni kó tẹ̀. Bó bá ń wọ́ ẹsẹ̀, Ctrl àti F12.

Ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ yìí ni ilé-iṣẹ́ CD Projekt ti ilẹ̀ Pólàǹdì sọ di ọjà. Títa àwo géèmù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994. Lọ́dún 2008, wọ́n ṣí ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, Good Old Games, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí GOG, wọ́n sì ń ta géèmù àtijọ́ ní dọ́là 5.99 àti 9.99 nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù DOS tí GOG ń tà, DOSBox kan náà ló wà nínú wọn. Kí wá ni wọ́n ń gbowó fún? Wọ́n ti bá oníbàárà to gbogbo rẹ̀, kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló máa tẹ máòsì tí eré á bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni àṣẹ. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù lè ti kógbá sílé, kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, GOG sì gbọ́dọ̀ wá ẹni tó ni ín kàn kó tó lè tà á. Ẹni tó bá kàn dà á kọ tó ń tà á, ayédèrú ló ń tà. Géèmù kì í di ti gbogbo ayé torí pé ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá oníbàárà to èyí tí oníbàárà ti rà fúnra rẹ̀, owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbà.

Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí kò ta géèmù rí. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà tó jẹ́ pé ètò DOS ni wọ́n ṣì fi ń ṣírò ọjà àti gbèsè. Kí wọ́n má gbé ìyẹn lé DOSBox lórí o: àwọn tó ṣe é sọ pé géèmù ni àwọn ṣe é fún, àwọn kò ṣe onígbọ̀wọ́ ìwé owó ẹnikẹ́ni. Èyí tó dára jù ni VirtualBox, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí wọ́n gbé Windows XP oní-bit 32 tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kó kan íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí wọ́n kọ́kọ́ da àkọsílẹ̀ inú àwọn díìsì pẹlẹbẹ àtijọ́ kọ síbòmíràn, nítorí àwọn yẹn a máa bàjẹ́ lóòótọ́. Kí wọ́n má sì ta ẹ̀rọ àtijọ́ títí wọn yóò fi ṣírò òpin oṣù kan lórí méjèèjì, tí iye wọn sì bára mu.