Ọ̀pá ìwọ̀ fífúyẹ́

Ọ̀pá ìwọ̀ fífúyẹ́ jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń pẹja nínú odò kéékèèké. Ìwọ̀ tí a ń lò pẹ̀lú rẹ̀ ni èyí tí a fi òwú àti ìyẹ́ wé kí ó lè jọ kòkòrò, tí a ń pè ní eṣinṣin àtọwọ́dá. Gígùn ọ̀pá náà sábà máa ń wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 7½, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.8 sí 2.3. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé okùn ni ó ń gbé ìwọ̀ lọ. Nínú ìpẹja onírin òjé, òjé ni ó ń fa okùn tẹ̀lé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n eṣinṣin àtọwọ́dá fúyẹ́ ju ohun tí a lè jù lọ, nítorí náà a ṣe okùn rẹ̀ kí ó nípọn, kí ó sì wúwo. Ọ̀pá yóò tẹ̀ bí ọrun, yóò sì ta okùn náà síwájú.

Ìtàn

Claudius Aelianus, òǹkọ̀wé ará Róòmù, kọ ní nǹkan bíi ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Krístì pé àwọn ará Makedóníà máa ń fi òwú pupa àti ìyẹ́ àkùkọ wé ìwọ̀ láti fi tan ẹja jẹ. Ní ọdún 1496, wọ́n tẹ ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe ọ̀pá, okùn àti eṣinṣin àtọwọ́dá. Ní ilẹ̀ Jàpáànù, irú ìpẹja yìí tí wọ́n ń pè ní tenkara máa ń lo ọ̀pá àti okùn nìkan, láìsí kẹ̀kẹ́ tí a ń ká okùn sí.

Ní àárín ọ̀rúndún 19, Samuel Phillippe ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi èlà ọparun tí a lẹ̀ pọ̀ ṣe ọ̀pá. Fáíbà gba ipò ọparun lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pá kábọ́ọ̀nù sì dé ọjà ní ọdún 1973.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn apẹja ti ń lo ìwọ̀, àwọ̀n àti ìgèrè láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀pá ọparun, okùn àti ekòló tí a fi ṣe ìjẹ ni ọ̀pọ̀ ọmọdé fi ń kọ́ ìpẹja. Eṣinṣin àtọwọ́dá kì í ṣe ara àṣà yìí, ṣùgbọ́n ọparun àti ìyẹ́ adìẹ tí a nílò kò jìnnà sí wa.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ọparun tí ó ti gbó ni a ń yàn, èyí tí ó ti lo ọdún 3 ó kéré tán. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára kí a gé e, nítorí pé oúnjẹ tí ó ń fa kòkòrò ajẹgi kò pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà náà. A ó sá a sí abẹ́ òjìji títí tí yóò fi gbẹ dáadáa, a ó sì fi iná díẹ̀ yá oríkèé rẹ̀ kí a tó tọ́ ọ.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí a lo odindi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀nà kejì ṣòro jù ú lọ: a ó la ọparun ńlá sí èlà, a ó fá èlà mẹ́fà ní onígun mẹ́ta, a ó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí ọ̀pá náà lè ní igun mẹ́fà. Inú èlà ni a ń fá. A kì í fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣan ọparun ti ki jù, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ wà. A kì í jẹ́ kí oríkèé àwọn èlà náà bọ́ sí ojú kan náà, kí ọ̀pá má baà ṣẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a ó fi òwú wé àwọn òrùka okùn mọ́ ara ọ̀pá, nǹkan bíi òrùka kan fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn sí i bí a ti ń lọ sí ṣóńṣó, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pá ti ń tẹ̀ jù. A ó fi fáníìṣì tàbí epoxy bo òwú náà, a ó sì máa yí ọ̀pá náà títí tí yóò fi gbẹ.

Ìdánwò

Wọ́n ń fi nọ́ńbà pe okùn gẹ́gẹ́ bí mítà 9.1 àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣe wúwo tó: nọ́ńbà 2 jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 5.2, nọ́ńbà 3 jẹ́ 6.5, nọ́ńbà 4 sì jẹ́ 7.8. Ní odò kékeré, okùn tí ó ń jáde kì í sábà ju mítà 4 tàbí 5 lọ, ìyẹn ni pé ìwúwo tí ọ̀pá ń gbé lè máà ju gíráàmù 3 lọ. Nítorí náà, ọ̀pá tí ó le jù kò ní tẹ̀ rárá, okùn yóò sì wó lulẹ̀ sí iwájú apẹja.

Láti mọ okùn tí ó yẹ, a ó de ìdí ọ̀pá mọ́ tábìlì kí ó nà gbọọrọ, a ó sì so ọ̀rá kékeré mọ́ ṣóńṣó rẹ̀. A ó máa fi sìrínjì bu omi sínú ọ̀rá náà títí ṣóńṣó yóò fi wálẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn ọ̀pá. Mílílítà omi 1 wọn gíráàmù 1, nítorí náà iye omi náà yóò fi agbára ọ̀pá hàn, a ó sì lè fi ọ̀pá kan wé òmíràn.

Ìdánwò kejì wáyé ní pápá. A ó so òwú pupa sí ẹnu okùn dípò ìwọ̀. A ó ju okùn sẹ́yìn, a ó dúró díẹ̀ kí ó nà tán, kí a tó jù ú síwájú. Bí ọ̀pá bá tẹ̀ títí dé ọwọ́, okùn ti wúwo jù. Bí kò bá tẹ̀, kí a gbìyànjú nọ́ńbà tí ó ga jù ú lọ.

Ní Alímọ̀ṣọ́

Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò wà, ní èèyàn 1,277,714 nínú ìkànìyàn ọdún 2006. Ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, odò Owo ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Ologe. Ẹ̀pìyà àti àrọ̀ jẹ́ ẹja tí a mọ̀ dáadáa ní irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pìyà lè lé eṣinṣin àtọwọ́dá. Àrọ̀ ní tirẹ̀ máa ń fi òórùn wá oúnjẹ, ekòló sì bá a mu jù.

Ewu méjì ni ó yẹ kí a mọ̀. Èkíní ni omi fúnra rẹ̀. Ibi ìdalẹ̀sí Solous wà ní Ìgàndò, àwọn onímọ̀ sì ti ṣe ìwádìí lórí bí omi ìdọ̀tí rẹ̀ ṣe ń wọnú omi abẹ́ ilẹ̀. Ẹja tí a bá pa nínú gọ́tà tàbí nítòsí ààtàn kò yẹ fún jíjẹ, bí ó ti wù kí ó tóbi tó. Èkejì ni wáyà iná mànàmáná tí ó kọjá lókè ọ̀pọ̀ òpópónà. Kábọ́ọ̀nù máa ń gbé iná, ọparun tí ó tutù sì lè gbé e pẹ̀lú. Ṣáájú ìjù kọ̀ọ̀kan, kí a wo òkè, kí a sì wo ẹ̀yìn, nítorí pé okùn ń lọ sẹ́yìn jìnnà tó bí ó ṣe ń lọ síwájú.